Mà, ẹ má tíì pe ààrẹ míṣọ̀n: èmi náà ti sunkún ní Bouaké

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní ọmọ yín, ọmọ ọdún 18, ti lo oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ míṣọ̀n ní Ivory Coast. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò ní Abidjan lọ sí Bouaké, wọ́n fi í sọ́dọ̀ ẹnìkejì tuntun, ọmọ Kóńgò kan tí kì í bá a sọ̀rọ̀, ó sì sunkún sí yín létí lórí fóònù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ pe ààrẹ míṣọ̀n, ẹni tó ń darí àwọn míṣọ́nnárì ibẹ̀, kí wọ́n bá a pààrọ̀ ẹnìkejì náà. Nígbà tí mo rí orúkọ Bouaké, ṣe ni mo gbé fóònù sílẹ̀ ná. Ìlú yẹn ni èmi náà ti sunkún, ọmọ Kóńgò kan sì ni ẹnìkejì tèmi náà.

Fún ẹni tí kò bá mọ ètò náà: nínú Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, míṣọ́nnárì kì í dá rìn. Méjì-méjì ni wọ́n ń pín wa, a kì í sì í yan ẹni tí a ó bá gbé. Ẹ jọ ń jí, ẹ jọ ń kàwé, ẹ jọ ń jáde, ẹ jọ ń sùn sí yàrá kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ni ìròyìn tiransífà máa ń dé. Ó lè gbé ọ lọ, ó sì lè fi ọ́ sílẹ̀ síbi tí o wà. Ọdún méjì ni ti ọkùnrin. Bí ẹni tí ẹ jọ wà kò bá bá ọ sọ̀rọ̀, kò sí ibi tí o fẹ́ sá gbà.

Ọdún 2015 sí 2017 ni mo fi sìn. Nígbà náà, íméèlì la fi ń bá ilé sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀. Ìpè kò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún, Kérésìmesì àti Ọjọ́ Ìyá. Oṣù kejì ọdún 2019 ni wọ́n tó gbà kí wọ́n máa pe ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Inú mi dùn pé ẹ̀ ń gbọ́ ohùn ọmọ yín, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìmúrasílẹ̀, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí a fi ń tọ́jú ara wa, ni ọkàn míṣọ́nnárì máa ń rọ̀ jù. Kò sí ilẹ̀kùn tí ó fẹ́ kàn, ó ń fọṣọ, ó ń rántí ọbẹ̀ yín.

Abidjan kò fún mi ní wàhálà. Yopougon, àdúgbò kan níbẹ̀, ni mo kọ́kọ́ wà, pẹ̀lú ọmọ ilẹ̀ náà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré wọn, ó kọ́ mi láti jẹ attiéké, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, pẹ̀lú ẹja díndín. Faransé ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n ní Bouaké ló kàn. Ó tó nǹkan bíi 350 kìlómítà sí Abidjan. Lójú ọ̀nà, ọ̀gá kan tó wọ aṣọ ìjọba ní kí n sọ̀kalẹ̀. Ó yẹ ìwé ìrìnnà mi wò, ó yẹ káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú wò, ó ní ó kù síbì kan. Kí ló kù? Kò sọ. Ó dá gbogbo bọ́ọ̀sì dúró nítorí èmi nìkan títí mo fi yọ 2,000 sẹ́fà. Inú ṣì ń bí mi títí dòní. Láti 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti wà pé kí ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ẹni tó wọ aṣọ ìjọba ló sì yẹ kó mọ̀ ọ́n jù. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó ya ẹ̀dà gbogbo ìwé rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ojúlówó kúrò níwájú rẹ̀. Ìwé ìgbélùú, àwọn tó ń bójú tó o ní míṣọ̀n á ṣe é, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro.

Ìbínú yẹn ni mo gbé dé Bouaké. Ọmọ Kóńgò náà wá pàdé mi ní ibùdókọ̀. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó gbé àpótí mi, kò sọ ju gbólóhùn méjì lọ títí a fi délé. Lubumbashi, ìlú kan ní Kóńgò, ni wọ́n ti bí i. Ọmọ 20 ọdún ni, èmi jẹ́ 22, ṣùgbọ́n òun ló ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, òun ni olórí.

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dìde, ó kúnlẹ̀ gbàdúrà, ó wọ ilé ìwẹ̀. Kò kí mi. Ọjọ́ kẹta, kò kí mi. Ọjọ́ kẹrin, bẹ́ẹ̀ náà. Mà, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílé wa. Ẹni tí ẹ jọ sun yàrá kan, tó jí tí kò bi ọ́ pé ṣé o sùn dáadáa, ó ní ohun tó ń bá ọ fà nínú. Mo wá pinnu pé èmi náà kò ní kí i. Lójú pópó, mo ń gbọ́ tó ń pe àwọn ìyá arúgbó ní “tu”, bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní “ìwọ”, ara mi ń bù máṣọ. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó rí i pé àwọn ará Ivory Coast fúnra wọn ń pe àgbà bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí àbùkù níbẹ̀.

Ní ọjọ́ ìmúrasílẹ̀ wa àkọ́kọ́, a jọ lọ sọ́jà, ó ra ewé ẹ̀gẹ́. Ó yá odó lọ́wọ́ aládùúgbò, ó gún un, ó fi epo pupa sè é fún bíi wákàtí mẹ́ta, ó ro fùfú àgbàdo sí i, ó bu tèmi sínú àwo tó tóbi jù. Sombe ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ náà ní ọ̀dọ̀ wọn. Èmi wo inú àwo, oúnjẹ ewúrẹ́ ni mo rí. Mo ní ebi kò pa mí, mo sì po gàrí mu lójú rẹ̀. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó da tèmi padà sínú ìkòkò. Mo ti tọrọ àforíjì lórí rẹ̀, ó sì ti dárí jì mí, àmọ́ àwo yẹn kò kúrò lójú mi.

Ohun kejì wà tó dùn mí ju ìyẹn lọ. Yorùbá kún ilẹ̀ yẹn, mà. Àwọn ará Èjìgbò, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìnísà, láti ìgbà àwọn baba wọn ni wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀. Anago ni wọ́n ń pè wá. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń bá ọmọ rẹ̀ wí ní Yorùbá nínú ọjà, omi lé sí mi lójú. Èjìgbò ni ilé bàbá rẹ̀. Ó gbé àga fún mi. Láti ọjọ́ náà, mo ń wá ọ̀nà tí a ó fi gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá. Èmi á jókòó, a ó máa sọ̀rọ̀ ilé, wákàtí kan á lọ. Ẹnìkejì mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, torí kò gbọdọ̀ fi mí sílẹ̀, kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Èmi yìí kan náà ni mo ń kọ íméèlì sílé pé kì í bá mi sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ibà dá mi wó. Oníṣègùn kan ní ilé ìwòsàn kékeré kan jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, kò fọwọ́ kàn mí, ó ní “palu” ni, ibà ẹ̀fọn, ó kọ oògùn. Mo fi Faransé mi tí kò dán mọ́rán ṣàlàyé pé inú ń run mí, ó ní kí n jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè sọ̀rọ̀. Ọmọ Kóńgò tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn ló sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Oníṣègùn náà bínú, ó ní ta ló ń kọ́ òun níṣẹ́. A san owó oògùn tí kò ṣiṣẹ́, ó di ọjọ́ kẹta kí a tó rí ibòmíràn tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: táífọ́ọ̀dù ni. Ẹ jọ̀ọ́, mà, bí ọmọ yín bá ní ara òun gbóná, ẹ má gba “ibà lásán ni” lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kó má sì mu omi tí kò mọ orísun rẹ̀.

Òru méjì ni ọmọ náà kò fi sùn nítorí mi. Ó ń rẹ aṣọ sómi, ó ń gbé e lé mi lórí, ó ń sọ pé “yako, yako.” Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti ń sọ ọ́. Mo kọsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, “yako.” Ó rẹ̀ mí láti òde, “yako.” Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Ìyá Èjìgbò yẹn ló là á yé mi nígbà tó gbé ọbẹ̀ wá kí mi: ọ̀rọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ni, “pẹ̀lẹ́” ni. Ọmọ náà kọ́ ọ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjèjì, ó sì ń fi kí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń sọ fún mi pé pẹ̀lẹ́, tí mo ń kọ ẹ̀yìn sí i.

Nígbà tí ara mi yá, mo bi í pé kí ló dé tí kì í kí mi láàárọ̀. Ẹnu yà á. Ó ní nílé bàbá àwọn, ẹnikẹ́ni kì í bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ kó tó bọ́jú, òun sì ń retí pé bí òun bá jáde nílé ìwẹ̀, màá sọ nǹkan. Mi ò sọ. Ó ní èmi ni mo kọ́kọ́ dákẹ́.

Kí n tó kúrò nílé, ẹnì kan tí wọ́n ní ó jẹ́ onímọ̀ nípa gbígbé nílẹ̀ àjèjì fi wákàtí méjì bá àwa kan sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa ìfaradà, ó sọ nípa ìgboyà. Kò mẹ́nu kan ìkíni, kò mẹ́nu kan oúnjẹ. Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni wọn á máa fún ọmọ yín: kó sáà fara dà á. Kó má fara dà á o, kó bèèrè. Kó jókòó ti ọmọ Kóńgò náà lálẹ́ òní, kó ní, “Nílé wa, báyìí la ṣe ń kí ènìyàn láàárọ̀, nílé tiyín ńkọ́?” Faransé kò nílò kó dáa. Ó kàn máa sọ ọ́ ni.

Bí àwọn ará Bouaké kò bá tètè ṣílẹ̀kùn fún un, kó má rò pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Ní 2002 ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba ìlú náà, ó sì pẹ́ lọ́wọ́ wọn kó tó bọ́. Onílé wa fi ojú ihò ọta ìbọn hàn mí lára ògiri. Ẹni tó ti rí ìyẹn á kọ́kọ́ wo àjèjì dáadáa.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí ẹ bèèrè. Bí ọmọ Kóńgò náà bá ń lu ọmọ yín, bó bá ń halẹ̀ mọ́ ọn, bó bá ń fi í sílẹ̀ lóun nìkan lóru, tàbí tí wọn kò gbé e lọ fún ìtọ́jú, ẹ pe ààrẹ míṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá jẹ́ dídákẹ́ nìkan ni, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí ààrẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti bá ọmọ Kóńgò náà sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Tó bá sì pè lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹ ní kó gbé fóònù fún ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ kí i ní Yorùbá, ẹ bi í léèrè ìyá rẹ̀, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Ọmọ yín á túmọ̀ rẹ̀ fún un.