Ta Ni À Ń Kọrin Sí? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín lórí Ìyìn àti Ìjọsìn

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. A kó àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀, a sì gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú. Bí Bíbélì bá wà nítòsí yín, ẹ ṣí i bí ẹ ti ń kà á lọ, torí inú rẹ̀ la ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn wa.

Ní ìjọ wa, orin tó yá, tí a fi ń jó, ni wọ́n ń pè ní ìyìn. Èyí tó falẹ̀, tí a fi ń dijú, ni wọ́n ń pè ní ìjọsìn. Ṣé ibẹ̀ náà ni ìyàtọ̀ wọn parí sí? (Ọ̀dọ́ kan, Abẹ́òkúta)

Rárá o. Eré orin kọ́ ló pààlà sáàárín wọn. Ẹ wo Kíróníkà Kejì orí 20, níbi tí Móábù àti Ámónì ti gbógun ti Júdà. Ní ẹsẹ 18, Jèhóṣáfátì ọba dojú bolẹ̀, gbogbo Júdà sì wólẹ̀ níwájú Olúwa. Ìjọsìn nìyẹn. Ní ẹsẹ 19, àwọn ọmọ Léfì láti ìdílé Kóhátì àti Kórà dìde dúró, wọ́n fi ohùn rara yin Ọlọ́run Ísírẹ́lì. Ìyìn nìyẹn. Nínú ìjọsìn, èèyàn ń fi ara rẹ̀ lélẹ̀ fún Ọlọ́run. Nínú ìyìn, ó ń la ẹnu sọ ẹni tí Ọlọ́run jẹ́ àti ohun tó ti ṣe, kí ẹlòmíràn lè gbọ́. Orin tó falẹ̀ lè jẹ́ ìyìn, orin tó yá sì lè bá èèyàn lórí ìkúnlẹ̀.

Ìjọsìn kò tilẹ̀ nílò orin dandan. Nígbà tí Ábúráhámù sọ fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 22 pé òun àti ọmọ náà ń lọ sin Ọlọ́run lórí òkè, igi, iná àti ọ̀bẹ ni wọ́n kó dání. Lọ́jọ́ tí ọmọ Jóòbù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kú, ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó fá orí rẹ̀, ó wólẹ̀, ó sì sin Ọlọ́run. Róòmù 12:1 wá fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú: ara wa látòkè délẹ̀ ni ẹbọ ààyè. Akọ̀wé tó kọ rìbá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ń sin Ọlọ́run lórí àga ọ́fíìsì rẹ̀. Ìdí sì nìyẹn tí Ọlọ́run fi sọ nínú Ámósì 5:23 pé kí wọ́n mú ariwo orin wọn kúrò lọ́dọ̀ òun. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó bí i nínú, ẹ ka orí 8 ẹsẹ 5: àwọn ọlọ́jà ń retí kí ọjọ́ ìsinmi tètè parí, kí wọ́n lè padà sídìí òṣùwọ̀n tí wọ́n ti dín kù àti ìwọ̀n èké tí wọ́n fi ń rẹ́ni jẹ.

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n máa ń fún wa. Bí a bá bẹ̀rẹ̀, ìjọ á kọ́kọ́ bá wa kọ ọ́. Kó tó dé ìdajì, ọ̀pọ̀ á ti dákẹ́, wọ́n á máa wò wá. Kí la ń ṣe tí kò dáa? (Olórí akọrin, Ìbàdàn)

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ohùn wò. Ẹni tó ń lé orin sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ibi tó bá sì tù ú lọ́rùn ni ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù á bá a lọ. Ìjọ kò lè dé ibẹ̀. Obìnrin tí kì í ṣe akọrin lè kọrin láìnira láti ohùn A tó wà nísàlẹ̀ C àárín dùùrù títí dé D tó wà lẹ́yìn C tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin á kọ tiwọn ní ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí orin bá kọjá D, tó kan E tàbí F, àwọn àgbàlagbà ló máa kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin. Nítorí náà, ẹ má fi ìbẹ̀rẹ̀ orin wá kíì, ìyẹn bí orin yóò ti ga tó. Ẹ wá ibi tí orin náà ti ga jù, ẹ fi ibẹ̀ sí C tàbí D, kí ẹ tó ka ìyókù padà.

Ohun kejì ni pé orin ti pọ̀ jù. Orin mẹ́wàá láàárín ogún ìṣẹ́jú túmọ̀ sí pé ẹ ń já èèyàn jù sílẹ̀ ní kété tí ọ̀rọ̀ orin bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ wọ́n lára. Márùn-ún tó: mẹ́ta tó yá, méjì tó falẹ̀. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà mẹ́rin ó kéré tán. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ń wá ohùn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ń kọ ọ́. Láti ìgbà kẹta ni ọkàn wọn ń bá ohun tí ẹnu ń sọ lọ. Orin tuntun kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ lóṣù, kí ẹ sì kọ ọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta léra wọn. Bí ẹ bá fẹ́ bọ́ láti orin kan sí òmíràn láìdúró, ẹ fi orin tí kíì wọn bá dọ́gba sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ariwo ńkọ́? Nígbà tí ẹ bá ti kọ orin lẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹni tó ń lé e gbé máíkì kúrò lẹ́nu, kí kíbọ́ọ̀dù, gìtá àti dírọ́ọ̀mù dákẹ́, kí ó ku agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan. Ẹ fetí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ohùn ìjọ kò jáde, ẹ̀rọ agbóhùnsókè yín ló ti bò wọ́n mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ àti ti ẹni tó dúró tì í kì í pẹ́ dákẹ́. Ẹ sì ṣọ́ onílù yín. Orin tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 110 lórí aago ìlù (ẹ̀rọ tó ń ka iye ìlù láàárín ìṣẹ́jú kan) lè di 140 kó tó parí, ìyá àgbà ò sì lè pe ọ̀rọ̀ já mọ́. Ọ̀fẹ́ ni aago ìlù wà lórí fóònù. Kí onílù máa fi ṣe ìdánrawò.

Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù sí wa nìyí. Ẹ kọ gbogbo orin tí ẹ ń lò sórí ìwé, kí ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè pé: ta ni orin yìí ń bá sọ̀rọ̀? Àwọn kan ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tààrà: “Ìwọ ni.” Àwọn kan ń sọ nípa rẹ̀. Àwọn kan ń sọ nípa wa, ohun tí a fẹ́ gbà àti ibi tí a fẹ́ dé. Àwọn tó kù ń bá ọ̀tá sọ̀rọ̀. A kò ní kí ẹ sọ orin ọ̀tá nù, Dáfídì pàápàá kọ wọ́n. Ìpàdé àdúrà ni ààyè wọn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀tá àti àwa fúnra wa ló gba mẹ́ta nínú orin márùn-ún yín, a jẹ́ pé Ọlọ́run kọ́ ni ìjọ fi ogún ìṣẹ́jú wò. Kí orin méjì tó kẹ́yìn jẹ́ èyí tó ń bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú méjì sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀, tí kíbọ́ọ̀dù náà kò ní dún. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn á kọ́kọ́ nira. Ẹ má tètè fi “Halelúyà!” já a.

Alàgbà kan ní ìjọ wa sọ pé kíki Ọlọ́run ní oríkì, ìṣe àwọn abọ̀rìṣà ni. Ṣé òótọ́ ni? (Akẹ́kọ̀ọ́, Akúrẹ́)

Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá bàbá lóhùn, kí ẹ sì fi Dáníẹ́lì 7:9 hàn wọ́n, níbi tí Bíbélì ti pe Ọlọ́run ní Ẹni-àgbà ọjọ́. Ọlọ́run Olódùmarè wà nínú Jẹ́nẹ́sísì 17:1. Oríkì ń pe ẹni tí a ń kì, ó sì ń ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí i létí. Ohun tí Sáàmù 136 ṣe gan-an nìyẹn. Ẹsẹ 26 ni, ìlà kan ń ka iṣẹ́ Ọlọ́run, ègbè á sì dáhùn pé àánú rẹ̀ dúró láéláé. Ta ni Yorùbá tí kò mọ lílé àti gbígbè?

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ẹni tó ń kì í bá to ogún orúkọ jọ ní èémí kan, tí ìjọ sì ń pàtẹ́wọ́ fún èémí rẹ̀. Ẹ mú orúkọ mẹ́rin tàbí márùn-ún péré. Ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe, kí ìjọ sì ní ègbè tí wọ́n á fi dáhùn. Orúkọ tí ẹ kò bá lè fi Ìwé Mímọ́ tì lẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ṣé dandan ni kí n gbé ọwọ́ sókè? Ojú máa ń tì mí. (Ẹni kan, Òṣogbo)

Kì í ṣe dandan. Sáàmù 134 mẹ́nu ba gbígbé ọwọ́ sókè, Sáàmù 95 mẹ́nu ba ìkúnlẹ̀, ti 150 sì mẹ́nu ba ijó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ ní yàrá yín, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ inú àwọn orin ìwé kan kì í dún bí Yorùbá bí a bá ń kọ wọ́n? A fẹ́ ṣe orin tuntun fún ìkórè, a ò sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. (Ẹgbẹ́ akọrin, Ìjẹ̀bú-Òde)

Orin àwọn Òyìnbó ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé. Ohùn kan ṣoṣo ni orin ìwé ń lò fún ẹsẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Jésù á di ẹ̀jẹ́ létí ẹni tó ń gbọ́. Àwọn àgbà tètè rí i. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti gba orin ìsìn tó bá ohùn Yorùbá mu sílẹ̀ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922, T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ Church, Èkó, láti 1914 di 1962, sì ṣe orin tó tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ wa fún ìsìn ìjọ Áńgílíkà.

Ẹ fi ẹnu lásán sọ ìlà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi orin sí i. Ẹ kọ dò, re, mí sábẹ́ ìró kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ kùn ún láìpe ọ̀rọ̀. Kò pọn dandan kí orin gòkè tó bí ọ̀rọ̀ ti gòkè, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, orin kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀. Orúkọ àti ìparí ìlà ni kí ẹ ṣọ́ jù. Bí ẹ bá fẹ́ ẹsẹ púpọ̀, ẹ jẹ́ kí ohùn ẹni tó ń lé máa yí padà bí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà, kí ègbè nìkan dúró sójú kan. Orin ìwé àtijọ́ ní tirẹ̀, ẹ má kó o dànù: àwọn òbí yín ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí, ó sì ń tù wọ́n nínú bó ṣe wà.

Ajíhìnrere kan sọ pé bí mo bá yin Ọlọ́run ní wákàtí kan lóru fún ọjọ́ méje, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún á tẹ̀ mí lọ́wọ́. (Oníṣòwò, Ṣàgámù)

Ìtàn Jèhóṣáfátì ni wọ́n sábà máa ń fi ti èyí lẹ́yìn. Ẹ kà á nínú Kíróníkà Kejì orí 20, láti ẹsẹ 14 dé 17: Ọlọ́run ti gba ẹnu Jáhásíẹ́lì ọmọ Léfì ṣèlérí ìṣẹ́gun kí akọrin kankan tó la ẹnu. Wọ́n yìn ín torí wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Wọn kò fi orin ra ìṣẹ́gun. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16, Pọ́ọ̀lù àti Sílà kọrin lọ́gànjọ́, ilẹ̀ mì, ilẹ̀kùn ṣí, àwọn méjèèjì sì dúró sínú ẹ̀wọ̀n. Ká ní torí àtijáde ni wọ́n ṣe kọrin, wọn ì bá ti sá lọ. Ẹ yin Ọlọ́run lóru bó bá wù yín. Ẹ kàn má so ó mọ́ iye owó ọjà.

Ọmọ mi kú. Gbogbo ènìyàn ní kí n máa yin Ọlọ́run, ẹnu mi ò gbà á. Ṣé mo ń ṣẹ̀ ni? (Ìyá kan, Iléṣà)

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Kí Olúwa fúnra rẹ̀ tù yín nínú.

Ẹ kò ṣẹ̀. Ẹkún pọ̀ gan-an nínú ìwé Sáàmù. Sáàmù 88 bẹ̀rẹ̀ nínú ìrora, inú òkùnkùn ló sì parí sí, síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé orin Ísírẹ́lì. Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀, ẹ mú Sáàmù 13, ẹsẹ mẹ́fà péré. Ẹsẹ 1 àti 2 ń bi Ọlọ́run léèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹsẹ 3 àti 4 ń bẹ̀ ẹ́ kó wo òun kó sì dá òun lóhùn. Ẹsẹ 5 àti 6 ló tó sọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé àti orin. Ẹ lè dúró lórí méjì àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀; ẹ kàn máa kà wọ́n sókè sí Ọlọ́run ni, ẹ má kà wọ́n sínú lásán. Ẹni tó ń sunkún sí Ọlọ́run kò tíì kúrò níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wà nínú ìjọ tí ẹ kò lè kọrin, ẹ jókòó, kí àwọn tó yí yín ká kọ ọ́ fún yín. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ dìde kí ẹ jó, ẹ sọ fún un pé ó di ìgbà mìíràn.

Àwọn ọmọ wa kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, ìjọ Òyìnbó ni a sì ń lọ. Báwo la ṣe lè máa sin Ọlọ́run nílé lédè wa? (Òbí, Lọ́ńdọ̀nù)

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí fóònù wà ní yàrá mìíràn. Ẹ fi orin kúkúrú kan ṣe oṣù kan: ẹ lé ìlà kan, kí àwọn ọmọ gbè é. Lọ́sẹ̀ kejì, kí ọmọ kan máa lé e, kí ẹ̀yin òbí máa gbè é. Sáàmù 117 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹsẹ méjì péré ni. Bó bá ti mọ́ wọn lẹ́nu, ẹ bọ́ sí Sáàmù 100, tó ní márùn-ún. Lẹ́yìn orin, kí olúkúlùkù fi gbólóhùn kan sọ ohun tó fẹ́ dúpẹ́ fún lọ́jọ́ náà. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yorùbá tó sì parí rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣe àmín. Àtúnṣe èdè lè dúró di ìgbà tí àdúrà bá parí, torí ọmọ tí a bá ń dá dúró láàárín ọpẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ la ẹnu mọ́ lọ́jọ́ kejì.