Aṣọ kan ṣoṣo ni kó o kọ́kọ́ mú

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé lóṣù 2 báyìí tí ohunkóhun ò wù mí ṣe mọ́. Mo máa ń jí láago 4 òru, àyà mi á máa já, mi ò ní lè sùn padà, tílẹ̀ bá wá mọ́ tán ni mi ò ní lè dìde. Aṣọ tó yẹ kí n fọ̀ ti ga bí òkè, fóònù bá dún pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rù. Àwọn ará ilé ní ọ̀lẹ ti wọ̀ mí lẹ́wù. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, àbúrò mi. Ọ̀lẹ kì í jí láago 4 kó máa ro iṣẹ́ tí ò tíì ṣe. Ohun tó o sọ yìí jọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn pẹ̀lú àníyàn, àwọn méjèèjì sì sábà máa ń rìn pọ̀. Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 2 lásán, àwọn dókítà kì í fojú kékeré wò ó, tìẹ wá ti lé lóṣù 2, jọ̀ọ́, lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí.

Kó o tó débẹ̀ ṣá, gbogbo wa la rò pé nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wù wá ká tó ṣe é, àmọ́ nínú àìsàn yìí, ẹ̀yìn téèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ló tó máa ń wù ú díẹ̀díẹ̀, tó o bá ní kó kọ́kọ́ wù ẹ́, wàá dúró pẹ́. Má wo òkè aṣọ yẹn rárá. Mú síńgílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, rẹ ẹ́ sómi, kó o padà lọ jókòó. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan lo ṣe lónìí, o ti ṣiṣẹ́. Ọjọ́ míì tó ò bá lè mú ìkankan, má bá ara ẹ jà.

Tí àyà bá ń já lóru, dìde jókòó, fẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ títí wàá fi mọ̀ pé ilẹ̀ tutù, fa èémí sínú ka 4, tú u jáde ka 6, fún bí ìṣẹ́jú 5. Èémí tó ń pẹ́ jáde yẹn ló ń jẹ́ kí ọkàn rọra wálẹ̀. Ẹ̀rù yẹn lè má lọ tán, àmọ́ bó ti wù kó ga tó, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀.

Tó bá wá ń ṣe ẹ́ bíi kó o má wà láyé mọ́, ìyẹn ò ṣeé fi dọ̀la o, sọ fún ẹnì kan lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sìn ẹ́ lọ sílé ìwòsàn, má dá wà.

Kọ̀wé sí mi padà tó o bá ti fọ síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn, mò ń retí ẹ.