Jẹ́ kí báńkì máa yọ owó ọjọ́ ogbó rẹ lóṣooṣù

Àbúrò mi tí ó kọ̀wé láti Ṣábẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá kí báńkì máa yọ 10,000 fáráǹkì nínú owó oṣù tí ó ń gbà nílé ìwé aládàáni, kí wọ́n máa kó o lọ sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò, tàbí kí òun máa fọwọ́ ara òun san án nígbà tí owó kajú bá wọlé. Èmi tí mo wà ní Kétu, tí mo sì ti ń ṣe é bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ìdáhùn mi ni pé kí báńkì máa yọ ọ́. Owó tí a ń retí pé yóò ṣẹ́kù kí a tó fi pamọ́ kì í ṣẹ́kù: bí kò bá sí ìsìnkú, owó ìwé ọmọ á dé, bí kò bá sí ìyẹn, ẹbí kan á ti Ìlárá wá pẹ̀lú ìwé oògùn lọ́wọ́.

Kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun, lọ wádìí bóyá agbanisíṣẹ́ rẹ ń san owó rẹ fún CNSS, àjọ tí ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni ní Benin. Fún ti ọjọ́ ogbó, 3.6 nínú 100 owó oṣù rẹ ni ó yẹ kí wọ́n yọ lára rẹ, kí agbanisíṣẹ́ sì fi 6.4 tirẹ̀ kún un, oṣù 180 ni a sì gbọ́dọ̀ ti san án kí a tó lè máa gba owó ìfẹ̀yìntì lóṣooṣù bí a bá pé ẹni 60 ọdún. Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n ń yọ ọ́ lára wa, ṣùgbọ́n kò dé CNSS. Ìgbà tí mo mú nọ́ńbà mi lọ béèrè ni mo tó mọ̀, ó sì dùn mí wọra. Nítorí náà, má fi ti ọ̀rọ̀ ẹnu akápò ṣe.

Ní báńkì, fọ́ọ̀mù virement permanent ni kí o béèrè, ìyẹn ìwé àṣẹ pé kí báńkì máa fi iye owó kan náà ránṣẹ́ lóṣooṣù fúnra rẹ̀. Iye owó, àkáǹtì tí ó ń lọ, ọjọ́ tí wọn yóò máa yọ ọ́ àti ìgbà tí yóò parí ni wọ́n ń kọ sí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o mójú tó. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù ni wọ́n kọ sí tèmi láìbi mí. Bí owó oṣù bá ti pẹ́ títí di ọjọ́ 5, báńkì á bá àkáǹtì lófìfo, owó kò ní lọ, wọn á sì tún yọ owó ìtanràn lé e. Mo ní kí wọ́n yí i sí ọjọ́ 10, láti ìgbà náà ni ó ti ń lọ geere.

Ní ti iye, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 30 ọdún tí ó ń fi 10,000 pamọ́ títí di 60 yóò ti fi 3,600,000 sílẹ̀. Bí èlé bá jẹ́ 3.5 nínú 100 lọ́dún, tí èlé sì ń gorí èlé, yóò lé ní 6,300,000, bí a kò bá ka owó iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ń yọ. Ẹni tí ó dúró di 40 ọdún yóò rí nǹkan bí 3,400,000. Nítorí náà ni mo ṣe ń rọ̀ ọ́ pé, bí 10,000 bá ń ni ọ́ lára, fi 5,000 bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí dípò kí o dúró. Ka ibi tí ìwé àdéhùn ti sọ iye tí wọn yóò dá padà bí o bá gba owó rẹ kí ọjọ́ tó pé, nítorí pé ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ó sábà máa ń kéré sí ohun tí o kó sílẹ̀. Owó àìsàn àti owó ilé ìwé ọmọ kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá.

Kajú rẹ wúlò púpọ̀ nínú ètò yìí. Bí o bá ti tà á tán, fi iye tí báńkì ń yọ ní oṣù mẹ́ta sílẹ̀ nínú àkáǹtì tí wọ́n ti ń yọ ọ́, má sì fọwọ́ kàn án. Nígbà ìsinmi ńlá, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni kì í san owó fún olùkọ́ tí wọ́n ń ka wákàtí rẹ̀, báńkì yóò ṣì rí ohun tí yóò yọ ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án.