Mẹ́sàn-án Kí Ni?

Ọkùnrin tó kọ lẹ́tà yìí pàdánù ìyàwó rẹ̀ ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn. Ọdún 23 ni wọ́n fi jọ gbé. Akántáǹtì ìjọba ni obìnrin náà. Ìrántí ọdún kan ti ń bọ̀, ọkọ fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó wá fi ọ̀rọ̀ tó ti kọ ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun fi òwe àti ọ̀rọ̀ dídùn díẹ̀ sí i, "kó lè wọ àwọn èèyàn lára." Ó tún béèrè bóyá kí òun kà á fúnra òun, tàbí kí òun gbé e fún àkọ́bí òun.

Mi ò ní fi òwe kankan sí i. Ẹni tó bá wù yín ni kó kà á.

Gbólóhùn kan tẹ́ ẹ sáré sọ kọjá ló mú mi dáhùn. Ẹ ní lóru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago méjì, ẹ gbọ́ tí ìyàwó yín pariwo ní pálọ̀: "Mẹ́sàn-án ni! Mẹ́sàn-án ni!" Ó wá ń dá rẹ́rìn-ín. Ẹ jáde, ẹ bá a láàárín ìwé, ó fi báírò pupa há etí. Ẹ ní kó pa iná kó wá sùn. Ó pa iná, ó wá sùn. Ohun tẹ́ ẹ fi ìtàn yìí ṣe ni pé ẹ fi ń rojọ́ pé iṣẹ́ yẹn máa ń dà á lórí rú nígbà míì. Lẹ́yìn náà lẹ bọ́ sórí bó ṣe ń tọ́jú àlejò.

Ẹ jọ̀ọ́, mẹ́sàn-án kí ni? Ẹ ò béèrè lóru yẹn. Ẹ ò béèrè nígbà tílẹ̀ mọ́. Ó ti wọlẹ̀ lọ báyìí, ẹ ò sì tíì béèrè.

Èmi náà lo ọdún mẹ́rin nídìí ìwé owó kí n tó di ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya, torí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́. Tí ìwé méjì tó yẹ kó bára mu ò bá bára mu, ẹni tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ lọ máa ṣí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Iye tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ ló máa wò. Tó bá ṣeé fi mẹ́sàn-án pín tí kò ṣẹ́ kù, á fura pé ńṣe lẹnì kan yí nọ́ńbà méjì po. Ẹni tó fẹ́ kọ 45 kọ 54: ìyàtọ̀ rẹ̀, mẹ́sàn-án. Ẹni tó fẹ́ kọ 1,680 kọ 1,860: ìyàtọ̀ rẹ̀, 180, mẹ́sàn-án lọ́nà ogún. Ẹni tó ti ń wá àṣìṣe láti ìrọ̀lẹ́, tójú ti ń ta, tó wá pín in, tó rí i pé ó pín geerege! Èmi ti dìde jó rí nítorí ẹ̀. Ayọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ yẹn nìyẹn, kò sì pọ̀. Ìyàwó yín rí ọ̀kan, ẹ ní kó pa iná.

Ní ojú ìwé kẹta, ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣàlàyé ìsìnkú, ẹ dárúkọ ọkùnrin àgbàlagbà kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí, tó sunkún ju àwọn ẹbí lọ. Ẹ ní ó ṣáà ń sọ pé "ó bá mi wá ọdún mẹ́sàn-án mi rí." Ẹ ní ọ̀rọ̀ náà ò yé yín, àti pé ọkàn yín ò balẹ̀ nípa ọkùnrin náà láti ọjọ́ yẹn. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń rò. Ẹ ò nígboyà láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀mejì nínú lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ ò sì rí i.

Òṣìṣẹ́ tó wọṣẹ́ ní 1978, tí ẹnì kan wá kọ 1987 sí fáìlì rẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án ti wọmi nìyẹn. Níbi tó bá jẹ́ pé iye ọdún téèyàn fi sìn ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ṣe rí nìyẹn títí tó fi máa kú: owó tí ò pé, lóṣooṣù, tí wọ́n á sì máa sọ fún un pé ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Mi ò lè búra pé fáìlì ọkùnrin yẹn ló wà níwájú ìyàwó yín lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé èmi ni ẹ̀yin, mi ò ní sùn títí màá fi mọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìrántí tẹ́ ẹ fẹ́ kà. "Aya àtàtà, abiyamọ tòótọ́, kò jẹ́ kí iṣẹ́ ọ́fíìsì wọ ilé rí." Ta ló wà ní pálọ̀ ní aago méjì òru nígbà náà? Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti pọ̀ lọ́dọ̀ mi, ọkọ ló sì máa ń kọ ọ́. Wọ́n á yọ iṣẹ́ kúrò lára obìnrin bí ìgbà téèyàn ń yọ egungun ẹja, wọ́n á wá ní ká wo bó ṣe rọ̀. Ìwé náà kún ojú ìwé mẹ́rin, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kan iṣẹ́ tó ṣe ju ogún ọdún lọ: "ó ń ṣiṣẹ́ nídìí owó ìjọba." Ẹṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ nídìí owó ìjọba.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ursula Hicks, ògbóǹtarìgì nínú ọ̀rọ̀ owó ìjọba. Ní 1933, ó wà lára àwọn tó dá ìwé àtìgbàdégbà kan sílẹ̀ fáwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ìwé náà ṣì ń jáde dòní. Ọdún 1935 ló tó fẹ́ John Hicks, ọkọ ló sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1972, torí náà ìyàwó Hicks lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n ọkọ yẹn mọ ohun tó wà lórí tábìlì ìyàwó rẹ̀ o: wọ́n jọ ṣèwádìí lórí owó ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n jọ kọ ọ́ jáde. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ di Hicks. Ìbéèrè kan, lóru ọjọ́ kan, ì bá ti tó.

Mo mọ̀ pé ọgbẹ́ náà ò tíì jinná, mo rí i nínú bẹ́ ẹ ṣe ṣàpèjúwe ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí obìnrin náà nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Torí náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó jókòó tì í pé kí ló ń ṣe láàárọ̀. Ẹ wá ọkùnrin àgbàlagbà yẹn rí, kẹ́ ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ gbẹ́nu dákẹ́, kó sọ bí ọdún rẹ̀ ṣe sọnù àti ẹni tó bá a wá a. Ohun tó bá sọ lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín, ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kóun náà wá.

Ẹ sọ ẹni tó kó aṣọ ìyàwó yín fún mi, ẹ sọ ẹni tó kó bàtà. Báírò pupa yẹn ńkọ́, ta ló mú un?