Ọkọ mi ń rìn lójú oorun, mi ò lè sùn mọ́

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, oyún mi ti pé oṣù méje. Ọkọ mi, ẹni ọdún 36, ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ lọ́sẹ̀ kan, iṣẹ́ ọ̀sán lọ́sẹ̀ kejì. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, tó bá sùn ní 11:30, á dìde ní nǹkan bí aago kan. Ó ti lọ ṣí ìkòkò, ó ń fọwọ́ jẹ ọbẹ̀ tútù. Lánàá, ilẹ̀kùn bákónì ló ń fà. Tílẹ̀ bá mọ́, kò ní rántí nǹkan kan. A wá wo fíìmù Kòríà kan, Sleep, ẹ̀rù sì sọ mí di aláìsùn. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀mí kan ló ń dà á láàmú, pé ká lọ ṣe ìṣọ́ òru ọjọ́ méje. Ṣé kí n lọ sílé àwọn òbí mi ni?" Aláboyún, Ìbàdàn.

Ọmọ mi, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Mo mọ ìdí tí fíìmù Jason Yu yẹn, tó jáde ní 2023, fi wọ̀ ọ́ lára: aláboyún ni ìyàwó inú rẹ̀ náà, ọkọ rẹ̀ náà ń dìde lóru lọ jẹ ẹran tútù nínú fíríìjì. Ṣùgbọ́n àìsàn tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀ kọ́ ni mo rí nínú lẹ́tà rẹ. Tiwọn ni kí èèyàn máa ṣe ohun tó ń lá lálàá. Bí a bá ń lálàá, ọpọlọ máa ń ti iṣan ara pa kí a má baà dìde; títì yẹn ló bàjẹ́ lára irú wọn. Ọwọ́ ìdájí ló máa ń ṣẹlẹ̀, ojú á wà ní dídì, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń jà, bí o bá sì jí wọn, wọ́n á rọ́ àlá náà fún ọ. Ọkùnrin tó ti lé ní 50 ló pọ̀ jù nínú wọn.

Inú oorun àsùnwọra ni ọkọ tìrẹ ti ń dìde, láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́. Wo ojú rẹ̀ dáadáa: á là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dá ọ mọ̀. Àìsùntó ló sábà ń fa èyí. Ẹni tí oorun ti jẹ ní gbèsè, oorun rẹ̀ á wọra jù, ẹsẹ̀ á jí, làákàyè á ṣì máa sùn. Ọtí àti oògùn oorun bíi zolpidem ń dá kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìhanrun tí èémí ń dá dúró láàárín rẹ̀.

Lálẹ́ òní, ti bákónì ní àgádágodo. Má fi kọ́kọ́rọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn, torí ẹni tó ń sùn lè ṣí i. Ibi tí ọwọ́ rẹ á ti tètè tó o bí iná bá ṣẹ́ yọ ni kó wà. So agogo kékeré mọ́ ilẹ̀kùn yàrá. Kó ọ̀bẹ pamọ́, pa gáàsì láti orí sílíńdà, gbé ohun tó lè gbé e ṣubú kúrò nílẹ̀.

Bó bá dìde, má pariwo, má dì í mú. Irọ́ ni pé á kú bí a bá jí i, ṣùgbọ́n ó lè ta jìgì kó sì gbá ọ níkùn láìmọ̀ pé ìwọ ni. Ẹ̀gbẹ́ ni kí o dúró sí, sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, fọwọ́ tọ́ ọkọ rẹ ní ìgúnpá padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí àkókò rẹ̀ kò bá yí padà, ẹnì kan lè máa jí i ní 12:40, kó lajú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tún sùn. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni kó ṣe é, kì í ṣe ìwọ.

Fi fóònù ya fídíò rẹ̀ láti òkèèrè. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kọ aago tó sùn, aago tó dìde, àti ohun tó mu. Ẹ kó o lọ bá dókítà ọpọlọ àti iṣan ní UCH. Ẹ má ra clonazepam, oògùn tó ń múni sùn, ní kẹ́mísítì: bó bá jẹ́ pé èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, ó lè mú un burú sí i.

Má bá ìyá ọkọ rẹ jà. Kí wọ́n gbàdúrà, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán. Ìṣọ́ òru ọjọ́ méje á tún jí ìwọ̀nba oorun tó kù fún un, ìrìn náà á sì le sí i.

Ní ti ìbéèrè rẹ, yàrá ọ̀tọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ tó fún ìsinsìnyí. Àìsùn tó fi ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀ ló ba ìyàwó inú fíìmù yẹn jẹ́, o sì ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti gbá ọ lẹ́ẹ̀kan, tàbí tó mú ọ̀bẹ, lọ sílé àwọn òbí rẹ lọ́jọ́ náà. Bí ọmọ bá sì dé, kò gbọ́dọ̀ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà pẹ̀lú bàbá rẹ̀ títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀.