Sàláàdì ẹlẹ́ja àti makaróní tó ń dúró níkùn

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bí sàláàdì ṣe lè yó ọkùnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́, tẹ́ ẹ ní ọkọ yín kì í jẹ ẹ́ tán kó má tún wá búrẹ́dì. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Mo ta sàláàdì ẹlẹ́ja fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn, àwọn oníbàárà mi ló sì kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ra abọ́ tí makaróní àti sàláàdì kíríìmù kún inú rẹ̀, tí ẹja ibẹ̀ kò tó nǹkan, ebi á ti tún máa pa á kó tó di aago 3. Ẹni tí mo bá bu ẹja àti ẹ̀wà fún dáadáa, ó di alẹ́ kó tó rántí oúnjẹ.

Torí náà, ẹ má jẹ́ kí makaróní jẹ́ olórí abọ́. Fún àgbàlagbà kan, 60 gíráàmù ní gbígbẹ ti tó, torí pé ó máa ń wú ju ìlọ́po méjì lọ tó bá jinná. Ẹ fi ẹja bíi 150 gíráàmù sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ eegun, ẹ̀wà sísè ṣíbí 4 àti ẹyin sísè 1. Ewébẹ̀ ni kó gba ibi tó kù, kó sì pọ̀ ju makaróní lọ.

Ní ti ẹja, Titus ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀rá inú rẹ̀ dára fún ọkàn, ọ̀rá yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kó gbẹ lórí iná. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbi tẹ́ ẹ ti ń rà á. Titus tó ti yòrò, tó pẹ́ nínú ooru, tí wọ́n wá dá padà sínú yìnyín, lè ti ní májèlé tí sísè tàbí yíyan kò lè pa. Ojú ẹni tó bá jẹ ẹ́ á pọ́n, ara á máa yún un, orí á máa fọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ẹja náà lè má rùn rárá. Ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹja rẹ̀ yòrò ni kẹ́ ẹ ti rà á. Ẹ fi ata gígún, iyọ̀ díẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára, kẹ́ ẹ yan án. Bí kò bá sí ibi yíyan, ẹ fi àlùbọ́sà àti omi díẹ̀ sè é, kẹ́ ẹ dé e. Ègé ńláńlá ni kẹ́ ẹ bu ú sí, kó sì wọnú abọ́ kẹ́yìn. Ẹja tó bá ti rún mọ́ makaróní kì í hàn lẹ́nu mọ́. Tí Titus bá wọ́n jù, àrọ̀ gbígbẹ dára, kẹ́ ẹ ṣáà fi omi gbígbóná oníyọ̀ fọ iyanrìn rẹ̀ kúrò. Sadíìnì inú agolo náà kò burú.

Omi ló ń ba sàláàdì jẹ́. Ẹ rẹ́ kábéèjì wẹ́wẹ́, ẹ fi iyọ̀ ra á, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ fún un dáadáa. Ẹ gbẹ́ hóró inú kùkúḿbà àti tòmátì dànù. Kárọ́ọ̀tì kò ní wàhálà. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀fọ́ yánrin tútù lọ́jà, ẹ já díẹ̀ sí i. Kíkorò rẹ̀ bá ọ̀rá ẹja mu gan-an, ó sì dùn mí pé a ti ń gbàgbé rẹ̀.

Ẹ sọ makaróní kalẹ̀ kó tó rọ̀ jù. Asẹ́ ni kẹ́ ẹ dà á sí, ẹ má fi omi tútù ṣàn án, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè. Ẹ po òróró ṣíbí 2 pọ̀ mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí 1, ata rodo tí ẹ rẹ́ wẹ́wẹ́, àlùbọ́sà àti iyọ̀ díẹ̀. Ẹ da ìdajì rẹ̀ lé makaróní lórí nígbà tó ṣì gbóná, torí ìgbà yẹn ló ń fà á mu. Ìdajì tó kù, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun. Èyí ni mo fi rọ́pò sàláàdì kíríìmù, tí ṣúgà àti òróró pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí oníbàárà mi tó bèèrè rẹ̀ mọ́.

Ẹ tún béèrè bóyá ọkọ yín lè gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó lè gbé e, bí ó bá sun inú fíríìjì tí iná kò sì lọ lóru. Ẹ di ẹja àti ewébẹ̀ lọ́tọ̀. Tí kò bá sí fíríìjì níbi iṣẹ́ rẹ̀, ẹ fi yìnyín sínú àpò tó máa fi gbé e. Oúnjẹ ẹlẹ́ja tó bá ti lò ju wákàtí 2 lọ nínú ooru, kó má jẹ ẹ́.