“Ogun Bẹ́ Sílẹ̀”, “Ó Bú Sẹ́kún”: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí “Break Out” àti “Burst Out”

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi kọ “The war was broken out in 1967” sínú àròkọ rẹ̀. Tíṣà fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ “was”, kò sì sọ ìdí. Kí ló burú níbẹ̀? (Ìyá ọmọ, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Tíṣà ló jàre, mà. “Break out” tó túmọ̀ sí kí nǹkan ṣàdédé bẹ́ sílẹ̀ kì í gba àbọ̀ (“object”, ìyẹn ẹni tàbí ohun tí a ṣe nǹkan sí). Ogun fúnra rẹ̀ ló ń bẹ́. A kì í sọ ní Yorùbá pé “wọ́n bẹ́ ogun sílẹ̀”, bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì ò gbà pé ẹnì kan “break out” ogun. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò bá sì ní àbọ̀, kò sí bí a ṣe fẹ́ fi “was” yí i padà. Kó kọ “The war broke out in 1967.” Tó bá fẹ́ dárúkọ ọjọ́, “in” á di “on”: “The war broke out on 6 July 1967.”

Ó jọ pé “broken” ló ṣì í lọ́nà. “Has” tàbí “had” ni “broken” yìí ń bá rìn: “Fighting has broken out again.” Bó bá jẹ́ ẹni tó dá ogun sílẹ̀ ló fẹ́ sọ, kó gbé “break out” jù sílẹ̀, kó mú “start”.

Ogun, ìjà, rògbòdìyàn, iná àti àjàkálẹ̀ àrùn ló sábà máa ń ṣe olùwà fún un. “The Kiriji War broke out in 1877.” “Fire broke out in a bakery in Pudding Lane, London, on 2 September 1666.” Àwọn kan ní nǹkan burúkú nìkan ló wà fún, àmọ́ “applause broke out” dára, àtẹ́wọ́ kì í sì í ṣe àjálù. Òjò ni kò sí níbẹ̀ rárá. “Rain broke out” kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán, ẹ sọ pé “It suddenly started to rain.”

Ìbéèrè: Èwo ló tọ̀nà: “burst out laughing”, “burst into laughing”, àbí “burst out laughter”? (Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Àkọ́kọ́ nìkan. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kí o máa wò. “Out” ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tó parí sí “-ing”: “burst out laughing”, “burst out crying”. “Into” ń fẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ: “burst into laughter”, “burst into tears”, “burst into flames”.

Yorùbá tí o ń sọ lójoojúmọ́ lè rán ọ létí “burst into” yìí. Tú “bú sẹ́kún” palẹ̀: bú, sí, ẹkún. “Bú” wà ní ipò “burst”, “sí” ní ipò “into”, ẹkún sì jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. “Bú sẹ́rìn-ín” náà rí bẹ́ẹ̀. Kì í sábà rí báyìí láàárín èdè méjèèjì, nítorí náà lo àǹfààní rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni “tears”: “burst into cry” kò sí, “burst into tear” kò sí, torí ẹkán omijé kan ṣoṣo kì í ṣe ẹkún.

“Burst” kì í yí padà fún àná. “Yesterday she burst out laughing”; “she has burst out laughing”. “Bursted” á jẹ ọ́ ní máàkì.

Má sì pò ó pọ̀ mọ́ “blurt out”. Ẹni tó “blurt out” ni ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó, pàápàá àṣírí: “He blurted out the secret.” Èyí ń gba àbọ̀.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá ní kí n fi ọ̀rọ̀ míì rọ́pò “break out”, èwo ni kí n mú? (Ẹni tó ń múra ìdánwò, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ wo irú “break out” tó jẹ́. Fún ìjà tàbí rògbòdìyàn, “erupt” ló sún mọ́ ọn jù: “Violence erupted.” Ọ̀rọ̀ òkè ayọnáyèéfín ni, ó wúwo, má gbé e fún asọ̀ kékeré. “Flare up” jọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ti wà nílẹ̀, tó rọlẹ̀, tó tún ru sókè ló sábà máa ń sọ, bí eegbò inú tàbí ìjà àtijọ́. Fún ìjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, “erupt” ló dára jù.

Fún ẹlẹ́wọ̀n, “escape” ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń já bọ́: “Three men broke out of Alcatraz in June 1962” á di “escaped from Alcatraz” (ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Amẹ́ríkà nígbà náà ni Alcatraz). “Of” ti di “from”.

Fún ara, “in” ló ń tẹ̀ lé e: “He broke out in a rash”, nǹkan sú sí i lára, “in a cold sweat”, òógùn òjijì bò ó. Àwọn ará Ìlú Ọba tún máa ń sọ “came out in a rash”.

Tí o bá gbọ́ “break out the drinks” nínú fíìmù, kí wọ́n gbé ọtí jáde ni. Ó gba àbọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, má kọ ọ́ sínú ìdánwò.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀kan náà ni “outbreak” àti “breakout”? (Nọ́ọ̀sì, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Rárá. “Outbreak” jẹ́ ti àrùn àti ogun: “an outbreak of cholera”. “Breakout” jẹ́ ti ẹlẹ́wọ̀n tó fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n sá lọ. “Outburst” wà fún ìbínú tó ru jáde lójijì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni kí ẹ ti tẹnu mọ́ wọn: “OUTbreak”, “BREAKout”, “OUTburst”. Nínú ọ̀rọ̀-ìṣe “break out”, “out” ló ń gba agbára ohùn.